Fífi àwòrán kọ̀ǹpútà kọ́ ìṣirò àfòyemọ̀

Fífi àwòrán kọ̀ǹpútà kọ́ ìṣirò àfòyemọ̀ ni ọ̀nà ìkọ́ni tí olùkọ́ fi ń sọ fọ́múlà di àwòrán tó ń yí padà bí nọ́ńbà inú rẹ̀ bá ṣe ń yí. Ọ̀kan nínú àwọn ètò tí wọ́n ń lò fún un ni GeoGebra, tí Markus Hohenwarter bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001 ní Yunifásítì Salzburg, ní orílẹ̀-èdè Austria. Bí wọ́n bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, èyí tó dára fún kíláàsì ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ti ń ṣe ségesège.

Ìkòkò jẹ́ àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ará Ìlọrin. Bí a bá la ìkòkò Dàda, ní Òkèlélé, láti ẹnu dé ìdí, etí ibi tí a là yóò fi ìlà kọdọrọ kan hàn. Yí ìlà yẹn po yíká àárín, odindi ìkòkò á padà wá. Nínú calculus, ìyẹn ẹ̀ka ìṣirò tó ń wo bí nǹkan ṣe ń yí padà àti bí a ṣe ń ro wẹ́wẹ́ pọ̀ di odindi, ẹ jẹ́ ká mú y = √x láti x = 0 dé x = 4, ká yí i po mọ́ ìlà x. Àyè inú rẹ̀ jẹ́ 8π, ìyẹn nǹkan bí 25.1.

Kí olùkọ́ tó tan kọ̀ǹpútà rárá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gé ohun tí ìlà yẹn yí po sí pẹlẹbẹ 4, kí wọ́n fọwọ́ ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá wọn rédíọ́ọ̀sì ní etí ọ̀tún pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, 10π ni wọn yóò rí. Ní etí òsì, 6π. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí olùkọ́ wá fi máòsì sún iye pẹlẹbẹ náà dé 40: ti ọ̀tún á di 8.2π, ti òsì á di 7.8π, gbogbo kíláàsì á sì rí i bí méjèèjì ṣe ń há 8π mọ́ àárín. Kí wọ́n má wọn rédíọ́ọ̀sì ní àárín pẹlẹbẹ o. Nítorí pé y² = x jẹ́ ìlà tó nà tàrà, àárín á ti mú 8π gan-an jáde láti orí pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní mọ ohun tí a ń torí rẹ̀ gé e sí wẹ́wẹ́.

Àwòrán náà lè ṣini lọ́nà. Bí ètò bá wà lórí degree dípò radian (ọ̀nà méjì tí a ń gbà wọn igun), sin x láti 0 dé 10 kò ní ga tó 0.2, yóò sì dà bí ìlà tó nà tàrà. Bí ìwọ̀n x àti y kò bá dọ́gba, òbìrípo á rí bí ẹyin. Èyí tó le jù ni (1 − cos x)/x²: bí x ṣe ń sún mọ́ 0, ½ ló yẹ kó máa sún mọ́, ṣùgbọ́n bí x bá di 0.00000001, kọ̀ǹpútà á ní 0 ni. Nǹkan bí dígíìtì 16 ló ń pa mọ́ fún nọ́ńbà kan, nítorí náà ó ka cos x sí 1 gan-an.

Nínú yàrá tí oòrùn ń wọ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kì í hàn lára ògiri. Kí wọ́n mú un nípọn, kí àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú. Bí iná bá lọ tí projector kú, fáìlì kan náà ṣeé ṣí lórí fóònù.