Ẹ Má Dìde Lórí Àga Kó Tó Yé Yín

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn ìfúnpá màmá kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tán ni, wọ́n sì jókòó síwájú dókítà. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun ni ọrùn ẹsẹ̀ àwọn ti ń wú. Dókítà ọ̀hún, tí àbígbẹ̀yìn màmá lè jù lọ́jọ́ orí, kò gbójú sókè. "Ṣé ìwọ ni dókítà ni? Ṣáà máa lò ó." "Ìwọ" yẹn ló dùn mí jù. Màmá kó káàdì wọn, wọ́n jáde. Nígbà tí wọ́n fi padà wá lóṣù méjì lẹ́yìn náà, ìfúnpá wọn ti di 200 lórí 110. Wọ́n ti pa oògùn tì.

Amlodipine loògùn náà. Ó máa ń mú ẹsẹ̀ àwọn kan wú lóòótọ́, dókítà sì lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì péré! Ẹni tó bá fi ìbínú kúrò lọ́dọ̀ dókítà, oògùn ló máa ń fi gbẹ̀san nílé, ara òun fúnra rẹ̀ ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀.

Torí náà, kí ẹ tó dìde, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi. Tí kò bá yé mi, mi ò ní lè lo oògùn yìí bó ṣe yẹ." Mo ti rí i tí gbólóhùn yìí mú kí ẹni tó ń kanra gbé bírò sílẹ̀. Àwọn dókítà wa ń rí èrò rẹpẹtẹ láti àárọ̀, ó ń rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí wọ́n fi àgbàlagbà wọ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ òyìnbó ló ń sọ, ẹ ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá, tàbí kó pe ẹni tó máa túmọ̀. Kì í ṣe àánú lẹ ń tọrọ. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní kí wọ́n sọ irú ìtọ́jú tó wà fún aláìsàn, ewu rẹ̀ àti iye tó máa ná an, kó sì jẹ́ ní èdè tó yé e níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan dání, àgbo náà ńkọ́? Ẹ mú un wá. Àwọn tí wọ́n ti jágbe mọ́ rí nítorí àgbo ló ń fi í pamọ́, bẹ́ẹ̀ àgbo mìíràn lè bá oògùn jà.

Bí dókítà bá ṣì ń bú yín, ẹ béèrè mátírọ́ọ̀nù tàbí ọ̀gá ẹ̀ka náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní ọ́fíìsì SERVICOM tó ń gba ẹ̀sùn. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti ohun tó sọ sílẹ̀.

Dókítà mìíràn ló pààrọ̀ oògùn màmá. Nígbà tí wọ́n tún wá, wọ́n bọ́ bàtà kí wọ́n tó jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú: "Dókítà, ẹ fìka tẹ̀ ẹ́ wò." Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ti fọn.