Pátákó Ìpolówó Lórí Ilẹ̀ Ara Ẹni: Ta Ló Láṣẹ Lórí Rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò nílùú Èkó ló gbà pé ẹni tó bá ri pátákó mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, lórí ilẹ̀ tó fowó rẹ̀ rà, kò jẹ ìjọba kankan ní àlàyé, àti pé ìrẹ́jẹ pátápátá ni owó tí wọ́n ń bù lé e lọ́dọọdún. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀sùn owó yẹn, ṣùgbọ́n àwíjàre ilẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ka àmójútó pátákó ìpolówó ìta gbangba mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pa pọ̀ mọ́ àmójútó ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti ọtí títà. Kò yọ ti ẹni tó ni ilẹ̀ sílẹ̀, ó sì yé mi ìdí rẹ̀, nítorí pé awakọ̀ tó ń bọ̀ lójú títì ni pátákó ń bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá bo iná tó ń darí ọkọ̀, bí iná ara rẹ̀ bá ń tàn wọ yàrá aládùúgbò mọ́jú, tàbí tí òpó rẹ̀ kò rinlẹ̀ tí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò sì gbé e lu wáyà iná, gbogbo àdúgbò ni yóò fara gbá nínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà pàápàá ń fi í pa ara wọn lára: bí ẹni tó ń ta fóònù bá na pátákó tirẹ̀ síwájú lé gọ́tà lórí, onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò na tirẹ̀ kọjá ibẹ̀, títí tí oníbàárà kò fi ní rí orúkọ ẹnì kankan kà mọ́.

Àwọn mìíràn rò pé ìwé àṣẹ kan ṣoṣo ti parí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. LASAA, àjọ tó ń mójú tó pátákó ìpolówó, tí òfin ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2006, ń wo ibi tí pátákó dúró sí àti bó ṣe tóbi tó. Bí ìpolówó ọjà bá wà lójú rẹ̀, ARCON, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ ìpolówó, tí òfin ọdún 2022 fi rọ́pò àjọ àtijọ́ tó ń jẹ́ APCON, ló ń yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ kó gbowó ni mo ti gbè sẹ́yìn àwọn oníṣòwò. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé òfin dárúkọ, ti ìpínlẹ̀ sì ni LASAA. Bí ìwé owó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì wá lórí pátákó kan ṣoṣo, onídìrí náà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè òfin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró lé, kó sì gba rìsíìtì lórí kọ́bọ̀ tó bá san. Ẹjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ ọlọ́jà lè gbé dé kóòtù kí adájọ́ sì fetí sí i.