Ọmọ mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ jọ ń so àwọ̀n ẹ̀fọn: ṣé ẹ̀sìn tuntun ni?

Láti ìgbà tí Fẹ́búárì ti wọlé ni fọ́tò kan ti ń yí kiri lórí WhatsApp. Ọmọbìnrin kan tó lo híjáàbù di etí àwọ̀n ẹ̀fọn mú, ọmọkùnrin kan tó wọ tíṣẹ́ẹ̀tì kọ́yà ìjọ ẹ̀ di etí kejì mú, ìyá àgbàlagbà kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láàárín wọn, ó ń wò wọ́n bíi pé kí wọ́n tètè ṣe é kóun rí ibi sùn. Bó ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ gbé e jáde kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Ìjọ àgbáyé kan ṣoṣo ti dé o, UN ló wà nídìí ẹ̀, fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá." Láàárọ̀ ọjọ́ kan péré ó dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá mi kékeré tí wọ́n jẹ́ Alhaji, ẹ̀ẹ̀kan látọ̀dọ̀ àǹtí mi tí wọ́n jẹ́ dìákónẹ́ẹ̀sì. Àwọn méjèèjì yìí ò gbà fúnra wọn rí lórí nǹkan kan, àfi orí eléyìí. Ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè yín.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú fọ́tò yẹn gan-an?

Wọ́n ń so àwọ̀n ẹ̀fọn.

Ṣé lóòótọ́ ni UN wà nídìí ẹ̀?

UN, ìyẹn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀, òótọ́ nìyẹn. Ní 20 October 2010 ni wọ́n fọwọ́ sí i pé kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Fẹ́búárì lọ́dọọdún jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìrẹ́pọ̀ láàárín ẹlẹ́sìn, ọba Jọ́dánì, Abdullah kejì, ló gbé àbá ẹ̀ wá. Nígbà tó yá wọ́n tún fi 4 February ṣe ọjọ́ ìbágbépọ̀ ọmọ èèyàn, torí ọjọ́ yẹn ní 2019 ni Póòpù Francis àti Ahmed el-Tayeb, ìmáàmù àgbà ti mọ́ṣáláṣí Al-Azhar ní Íjíbítì, jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Abu Dhabi. Ìyẹn ló fà á tí irú fọ́tò yìí fi máa ń pọ̀ lásìkò yìí. UN ò kọ àdúrà fún ẹnikẹ́ni. UN tí ò tíì rí ogun kan parí, ẹ̀sìn wo ló fẹ́ rójú dá sílẹ̀?

Ta ló bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí?

Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tọpasẹ̀ ẹ̀ ẹ máa pàdé Eboo Patel, mùsùlùmí ọmọ Íńdíà tó dàgbà sí ìtòsí Chicago ní Amẹ́ríkà. Ní 2002 ó dá àjọ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, Interfaith Youth Core, tó yí orúkọ padà sí Interfaith America ní 2022. Ohun tó ń sọ ò le: àwọn tó ń kó ọ̀dọ́ lọ pààyàn mọ bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀dọ́ rí, wọ́n sì máa ń fún un níṣẹ́ ṣe, àmọ́ àwọn tó ń wàásù àlàáfíà, àwọn àgbààgbà ni wọ́n máa ń kó jọ sínú họ́ọ̀lù tí wọ́n á jọ jẹ ráìsì tí wọ́n á ya fọ́tò. Ló bá ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ jọ ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà kí kálukú wá sọ ohun tó wà nínú ẹ̀sìn tiẹ̀ tó mú un jáde wá ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni Tony Blair, tó ti ṣe olórí ìjọba Britain rí, dé. Ó dá àjọ tiẹ̀ sílẹ̀ ní 2008, nígbà tó sì di 2009 òun àti àwọn Patel jọ kó ọ̀dọ́ ọgbọ̀n jọ láti Britain, Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n pín wọn ní méjì méjì, ẹ̀sìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní kí wọ́n lọ jí ìjọ àti mọ́ṣáláṣí ìlú wọn sí ọ̀rọ̀ ibà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń pariwo Blair. Ẹni tó kó sójà lọ Iraq ní 2003, òun ló wá ń kọ́ọ̀yàn ní ìrẹ́pọ̀ ẹ̀sìn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ọmọ yẹn ló jagun Iraq, ìyá tó sùn sábẹ́ àwọ̀n ò sì ní bèèrè ẹni tó sanwó ẹ̀.

Nínú gbogbo ìṣòro ayé, kí ló dé tó jẹ́ ibà?

Àkọ́kọ́, torí òkú ẹ̀ pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2023 nìkan nǹkan bí 597,000 èèyàn ni ibà pa, tí a bá sì kó mẹ́wàá nínú wọn, nǹkan bíi mẹ́ta jẹ́ ti Nàìjíríà. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Èkejì, tí wọn kì í sábà sọ jáde: ẹ̀fọn ò ní alágbàwí. Tẹ́ ẹ bá kó pásítọ̀ àti àáfà jọ, tẹ́ ẹ wá dá ọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí sílẹ̀, ìjà dé. Ẹ dá ọ̀rọ̀ aṣọ ọmọ ilé ìwé sílẹ̀, ìjà ńlá. Ẹ̀fọn nìkan ni gbogbo wọn kórìíra bákan náà.

Ọ̀rọ̀ ìlera lèyí, kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì. Kí ló kan ẹ̀sìn?

Mo fẹ́ fara balẹ̀ díẹ̀ níbí torí ìbéèrè tó dáa ni. Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya, Kano ló ṣáájú, dá àjẹsára pólíò dúró nítorí pé wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn tí kò ní jẹ́ kí obìnrin bímọ. Nọ́ọ̀sì wà nílẹ̀ nígbà yẹn o. Oògùn wà. Mọ́tò tó ń gbé e wà. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni kò sí, kòkòrò pólíò sì gba Nàìjíríà kọjá sí orílẹ̀-èdè míì. Ìgbà tí àwọn ọba àti ìmáàmù bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn dá sí i ni ilẹ̀kùn tó ń ṣí, ó sì di August 2020 kí wọ́n tó kéde pé pólíò ti àdánidá (wild polio) ti kúrò ní Áfíríkà. Ẹ ṣírò ọdún ẹ̀.

Sierra Leone náà ńkọ́, ní 2014, nígbà Ebola. Òkú Ebola ṣì ń ran èèyàn, àwọn èèyàn sì ń wẹ òkú wọn bí ẹ̀sìn àti àṣà ṣe ní kí wọ́n wẹ̀ ẹ́. Ta lẹ fẹ́ kó lọ sọ fún ọmọ pé kó má fọwọ́ kan òkú ìyá ẹ̀? Dókítà tó wọ aṣọ bíi ti ẹni tó fẹ́ lọ sínú òṣùpá? Àwọn ìmáàmù àti pásítọ̀ ló jọ lọ ń sọ ọ́, pé èèyàn lè dúró lókèèrè ṣàdúrà, kí àwọn tó mọṣẹ́ ẹ̀ sin òkú náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Tó bá jẹ́ ìmáàmù nìkan ló sọ ọ́, àwọn tó kù á ní tàwọn mùsùlùmí nìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi ní láti jẹ́ méjì.

Nílé ńbí, Súltáánù Sókótó àti John Onaiyekan, tó wá di kádínà, ni wọ́n jọ ṣe olórí àjọ kan nígbà kan tó ń kọ́ àwọn àáfà àti pásítọ̀ kí wọ́n lè sọ fún ìjọ wọn bí wọ́n á ṣe máa lo àwọ̀n ẹ̀fọn. Ìdí ni pé ìjọba ń pín àwọ̀n, àwọn èèyàn sì ń fi bo tòmátì.

Ṣé kì í ṣe Chrislam nìyí?

Rárá. Chrislam ni pé kí wọ́n pa ẹ̀sìn Kristẹni àti Ìsìláàmù pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ sì jẹ́ n bà yín nínú jẹ́ díẹ̀: Chrislam tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé wọ́n fẹ́ kó wá láti Abu Dhabi yẹn, Èkó ló ti wà tipẹ́. Láàárín 1970 sí 1980 ni Tela Tella dá Ifẹ́olúwa sílẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ni Samsindeen Saka dá Òkè Tùde tiẹ̀ sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ka Bíbélì tí wọ́n sì ń ka Kùránì lábẹ́ òrùlé kan náà. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, UN ò mọ̀ sí i. Ayé ò sì tíì parẹ́.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yìí ń ṣe yàtọ̀ pátápátá. Iṣẹ́ ni wọ́n pa pọ̀, wọn ò pa àdúrà pọ̀. Nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Niger, wọ́n pín èmi, ọmọ Baptist, pọ̀ mọ́ ọmọ MCAN kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn mùsùlùmí agùnbánirọ̀, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, pé ká máa so àwọ̀n káàkiri abúlé kan. Tí àsìkò ìrun alaasari bá tó, á tẹ́ àpò àwọ̀n tó ti ṣófo sábẹ́ máńgòrò, á kírun, èmi á jókòó ti àpò tó kù, màá máa lé ewúrẹ́ torí ewúrẹ́ abúlé yẹn fẹ́ràn ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé e ju ewé lọ. Kò sọ fún mi rí pé kí n wá kírun, èmi náà ò sì fún un ní ìwé ìléwọ́. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé iṣẹ́ wa ò dúró: ní Friday èmi ni mò ń dá a lọ, ní Sunday òun ni. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ ẹlẹ́sìn kan ṣoṣo wà ní abúlé kejì, ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí gbogbo wọn máa ń pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè tó le jù tí wọ́n bi wá, ìyá kan ló bi í: "Ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ń se oúnjẹ?"

Ṣé àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ti ṣe irú ẹ̀ rí láìsí òyìnbó níbẹ̀?

Nígbà ìwọ́de EndSARS, tí àwọn ọ̀dọ́ ṣe lòdì sí ìwà ìkà ọlọ́pàá, ní October 2020. Ní Friday àwọn onígbàgbọ́ di ọwọ́ ara wọn mú yí àwọn mùsùlùmí tó ń kírun lójú títì ká. Kò sí àjọ kankan tó kọ́ wọn.

Kaduna náà wà. James Wuye àti Muhammad Ashafa, nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, olórí ọ̀dọ́ tó ń jà ni wọ́n, kálukú níhà tiẹ̀. Wàhálà 1992 gba ọwọ́ ọ̀tún Wuye, ó sì gba olùkọ́ Ashafa àti méjì nínú mọ̀lẹ́bí ẹ̀. Wọ́n tìtorí ìyẹn ń wá ara wọn láti gbẹ̀san. 1995 ni wọ́n dá ibùdó ìlàjà wọn sílẹ̀ pọ̀, pásítọ̀ àti ìmáàmù, wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe bíi tiwọn ìgbà yẹn. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju ti Blair lọ, torí àwọn yìí ní ohun tí wọ́n ní láti dárí jì.

Àwọn oníṣẹ̀ṣe ńkọ́?

A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bi í. Nílẹ̀ Yorùbá wa ńbí, tí wọ́n bá ní "ẹlẹ́sìn gbogbo," méjì ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọ́n á fi àdúrà onígbàgbọ́ ṣí ìpàdé, wọ́n á fi tàwọn mùsùlùmí pa á, oníṣẹ̀ṣe tó wà níjòkòó á ṣe àmín àti àmí. Ní Ìlọrin ní 2023, ọ̀rọ̀ pé kí oníṣẹ̀ṣe ṣe ọdún ẹ̀ nìkan dá awuyewuye sílẹ̀. Ẹ wá wo Brazil: ní Rio de Janeiro, láti 2008, lọ́dọọdún ni wọ́n ń rìn létí òkun Copacabana nítorí òmìnira ẹ̀sìn, àwọn ọmọ òrìṣà nínú aṣọ funfun ló sì dá a sílẹ̀, torí àwọn ni wọ́n ń lé kúrò ládùúgbò, àwọn ìjọ, àwọn Júù àti mùsùlùmí wá ń bá wọn rìn. Òrìṣà tó ti ilé wa lọ ń pe ìpàdé lọ́hùn-ún, nílé ńbí wọn ò fún un ní àga.

Ṣé wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ gba ọmọ mi kúrò nínú ẹ̀sìn?

Ó lè ṣẹlẹ̀, bó ṣe lè ṣẹlẹ̀ ní yunifásítì, níbi iṣẹ́ àti níbi ìfẹ́. Ohun tí èmi rí ni pé ọmọ tí ẹlòmíì ń bi ní "kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń gbààwẹ̀?" máa ń lọ bèèrè ìdáhùn, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kí ló wá yẹ ká bẹ̀rù?

Ẹ bẹ̀rù fọ́ọ̀mù. Tí wọ́n bá ní kí ọmọ yín kọ́kọ́ sanwó fọ́ọ̀mù kó tó lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, tàbí pé "fellowship" kan ní London ti mú un láìjẹ́ pé ó kọ̀wé sí wọn, ẹ ní kó jókòó sílé. Ẹ bẹ̀rù olóṣèlú tó bá rántí ìrẹ́pọ̀ ẹ̀sìn nígbà tí ìbò ku oṣù mẹ́ta. Ẹ sì bẹ̀rù àgbàlagbà tó ń fi ọmọdé jà: ní 2016, lẹ́yìn tí kóòtù ní Ọ̀ṣun fàyè gba híjáàbù nílé ìwé ìjọba, àwọn ọmọ kan ní Ìwó wọ aṣọ ìjọ lọ sí kíláàsì. Kì í ṣe àwọn ọmọ yẹn ló ronú ẹ̀.

Àwọ̀n tí wọ́n pín fún wa ń ta wá lára, ṣé wọ́n fi nǹkan sí i ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, oògùn ẹ̀fọn ni wọ́n fi sí i. Ẹ tú u kúrò nínú ọ̀rá, kí ẹ fi kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ òjìji fún ọjọ́ kan gbáko kí ẹ tó sùn sábẹ́ ẹ̀, títa yẹn á lọ. Tó bá dọ̀tí, ọṣẹ lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fi bílíìṣì sí i, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì fọ̀ ọ́ lódò torí oògùn yẹn ń pa ẹja. Ó lè lò tó ọdún mẹ́ta. Ìyàwó bàbá mi kékeré ti so tiwọn. Bàbá mi kékeré ṣì ń fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́, àbẹ́ àwọ̀n yẹn ni wọ́n sì ti ń fi í ránṣẹ́.