Wáyà HDMI sí AV lásán kò lè gbé géèmù lọ sórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìbàdàn tó ṣì ní tẹlifíṣọ̀n onígíláàsì, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ló fẹ́ fi gbá géèmù Nintendo àti Sega láti inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbà pé wáyà ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà: tí orí kan, ti HDMI, bá ti wọ kọ̀ǹpútà, tí orí mẹ́ta yòókù tí wọ́n ń pè ní AV, yẹ́lò fún àwòrán, pupa àti funfun fún ohùn, wọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, àwòrán gbọ́dọ̀ jáde. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ wà lọ́jà, kò sì wọ́n. Wọ́n á rà á, wọ́n á fi sí i, ojú tẹlifíṣọ̀n á sì dúdú kirimú. Ni wọ́n á bá ní tẹlifíṣọ̀n ti kú, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó ń dùn mí gan-an, torí kò sí ohun tó ṣe tẹlifíṣọ̀n náà.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń tì jáde lẹ́nu HDMI, ihò tó ń gbé àwòrán àti ohùn jáde: òdo àti oókan. Tẹlifíṣọ̀n yẹn kò mọ nọ́ńbà. Iná tó ń lọ sókè sódò nínú wáyà yẹ́lò ló mọ̀. Àfi kí ẹ̀rọ kan wà láàárín tí yóò yí èkínní sí èkejì, kò sì sí irú rẹ̀ nínú wáyà lásán. Tẹ́ ẹ bá dé Queen Cinema, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ n'Íbàdàn, àpótí kékeré tí wọ́n kọ HDMI2AV sí lára ni kẹ́ ẹ béèrè. Iná USB ló ń lò. Ẹ wò ó dáadáa o: AV2HDMI jọ ọ́ bí ìbejì, òdìkejì iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń ṣe. Bọ́tìnì PAL àti NTSC, ìlànà méjì tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ fi ń gba àwòrán, wà lára rẹ̀. PAL ni ti Nàìjíríà; tẹ́ ẹ bá fi sí NTSC, tẹlifíṣọ̀n tó mọ PAL nìkan lè gbé àwòrán tí kò ní àwọ̀ jáde.

Àwọn mìíràn á ní VGA, ihò àwòrán ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ ńkọ́, ṣebí òun kì í lo nọ́ńbà? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìlà 31,500 ni VGA ń fà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹlifíṣọ̀n PAL ń fa 15,625. Kò sí wáyà tó lè dín eré yẹn kù.

Àpótí náà á gbé àwòrán jáde lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe bí géèmù ṣe rí láyé ọjọ́un. Nǹkan bí ìlà 240 ni àwọn géèmù yẹn ń fà, ojú kan náà ni wọ́n sì ń fà á sí ní gbogbo ìgbà, àlàfo dúdú tín-ínrín a wà láàárín wọn. Àwọn tó ya géèmù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú Sonic the Hedgehog ti 1991, ìlà òòró ni wọ́n fi ya omi tó ń dà láti orí òkúta, ìlà kan, àlàfo kan. Wáyà yẹ́lò ló ń pò wọ́n pọ̀, tí a fi ń rí ẹ̀yìn omi náà gaara. Ẹ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, ìlà lásán lẹ máa rí. HDMI2AV ní tirẹ̀ á fún àwòrán pọ̀, á wá pín in sí méjì, ìlà 1, 3, 5 á kọ́kọ́ lọ, 2, 4, 6 á tẹ̀ lé e. Ohun tó ń jẹ́ kí àwòrán máa gbọ̀n nìyẹn.

Raspberry Pi 3, kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni mo fọwọ́ sí. Ihò bíi ti íápíìsì wà lára rẹ̀ tí àwòrán àti ohùn ń bá jáde. Ẹ gbé RetroPie, ètò tí wọ́n fi ń gbá géèmù àtijọ́, sí i, kẹ́ ẹ kọ sdtv_mode=18 sínú config.txt, fáìlì ètò rẹ̀, fún PAL, tàbí 16 tí tẹlifíṣọ̀n yín bá gba NTSC. Ojú kan náà ni yóò máa fa ìlà sí nígbà náà, bíi ti géèmù àtijọ́. Wáyà tí wọ́n ń kì bọ ihò yẹn kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Tí àwòrán kò bá jáde, ẹ ki orí pupa bọ ihò yẹ́lò wò, torí ibẹ̀ ni àwòrán ń gbà nínú àwọn kan.

Tí ihò yẹ́lò bá ti já, ẹ má fúnra yín ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Iná tó ju 20,000 volt lọ ló ń ṣiṣẹ́ nínú gíláàsì aláwọ̀ mèremère yẹn, ó sì lè ṣẹ́ kù síbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ lára iná. Ẹ gbé e fún ẹni tó kọ́ iṣẹ́ títún tẹlifíṣọ̀n ṣe.