Ajẹ́pè họ́mónù takọtabo àti àrùn ọkàn

“Olùgbà họ́mónù ìbálòpọ̀,” ìyẹn ohun tí òyìnbó ń pè ní sex hormone receptor. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà á jáde lórí rédíò níbí ní Adó-Èkìtì, bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí i nínú ìwé ìléwọ́ ìlera. Inú ń bí mi sí i. Ìbálòpọ̀ ni ohun tí tọkọtaya ń ṣe nínú yàrá. Họ́mónù tí à ń wí, èròjà tí ara ń ṣe láti fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀yà ara, kò dúró de ìyẹn kó tó ṣiṣẹ́: òun ló ń mú kí ohùn ọmọkùnrin kẹ̀, kí ọmú ọmọbìnrin yọ, kí eegun tọmọdé tàgbà le. Opó kan tó ń ta iṣu ní Ọjà Ọba gbọ́ gbólóhùn yẹn, ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ mi ti kú tipẹ́, n ò sì súnmọ́ ọkùnrin mọ́. Èwo ló kàn mí níbẹ̀?” Ìyá náà kò jẹ̀bi. Ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dúró bíi tirẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Họ́mónù takọtabo ni ká máa wí.

“Olùgbà” ńkọ́? Àwọn kan ń jà fún un, wọ́n ní ṣebí gbígbà ló ń gba họ́mónù. N ò gbà. Ẹni tó gba ẹrù lè jù ú sí kọ̀rọ̀ kó lọ sùn. Nǹkan yìí ń gbé nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ tín-ín-tín tí ara fi kọ́. Tí họ́mónù bá ti bá a, á mú iṣẹ́ ṣe: á jí àwọn jíìnì kan, ìyẹn ìlànà àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, á pa àwọn mìíràn lẹ́nu mọ́. Ìpè ló ń jẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ajẹ́pè. Àwọn tó ń wí “résẹ́pítọ̀” sàn díẹ̀. Wọn ò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, àmọ́ wọn ò la ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹ wo akéde nílùú kékeré kan ní Èkìtì. Ó lu agogo láti òkèèlú dé ìsàlẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ báyìí jáde wá ro ọ̀nà oko. Gbogbo ilé ló gbọ́, ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ ẹgbẹ́ náà ń gbé nìkan ni ọkọ́ àti àdá á ti jáde láàárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé họ́mónù kiri gbogbo ara bẹ́ẹ̀. Ibi tí ajẹ́pè bá wà ni iṣẹ́ ti ń ṣe.

Ó wà nínú ọkàn, ó wà lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ jẹ́ ká mú ajẹ́pè estrogen, họ́mónù tó pọ̀ jù lára obìnrin àmọ́ tó wà lára ọkùnrin náà. Bí ó bá jẹ́pè nínú awọ inú iṣan, awọ náà á tú nitric oxide, afẹ́fẹ́ kan tó ń dẹ iṣan, sílẹ̀, iṣan á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́nà gbà. Èyí wà lára ìdí tí àrùn iṣan ọkàn fi máa ń tètè mú ọkùnrin ju obìnrin lọ.

Kí àwọn olólùgbà gbọ́ èyí. Ní 1994, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn ọkùnrin ọmọ ọdún 28 kan tí jíìnì ajẹ́pè estrogen rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìbí. Estrogen pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ eegun rẹ̀ kò tíì yéé gùn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 31, wọ́n rí i pé kálísíọ̀mù ti ń dì sára iṣan ọkàn rẹ̀, iṣan rẹ̀ kò sì dẹ̀ bó ṣe yẹ. Akéde pè títí, kò sẹ́ni tó jáde.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí estrogen bá ń ṣe iṣan lóore, ìwádìí Women's Health Initiative, èyí tí wọ́n ṣe lórí ìlera obìnrin ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sì dá dúró láìtọ́jọ́ ní 2002, ńkọ́? Obìnrin 16,608 tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àwọn tó lo hóró oògùn estrogen pẹ̀lú progestin, họ́mónù àtọwọ́dá mìíràn, ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní iṣan tí ọ̀rá ti ń dì sí tipẹ́, ajẹ́pè inú rẹ̀ ti dín kù. Oògùn oníhóró yẹn sì lè mú ẹ̀jẹ̀ dì.

Testosterone, họ́mónù tó pọ̀ jù lára ọkùnrin, ní ajẹ́pè tirẹ̀ nínú ẹran ọkàn fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí apá wọn lè ki, ọkàn wọn náà ń jẹ́ ìpè yẹn: ògiri rẹ̀ á nípọn, agbára tó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde á sì dín kù.