Ohun tó ń dá kún ikú àwọn aláìsàn Kòrónà ní ilé-ìwòsàn

Ọ̀pọ̀ ẹni tí àrùn Kòrónà mú ni ara wọn yá nílé láìrí dókítà. Àwọn tí ilé-ìwòsàn dá dúró ni ikú ń sún mọ́ jù, ewu náà kò sì dọ́gba láàárín wọn. Ní ìpínlẹ̀ Kwárà, tó kéde àwọn aláìsàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ilé-ìwòsàn Sóbì ní Ìlọrin ni wọ́n fi ṣe ibùdó ìtọ́jú wọn.

Ọjọ́ orí àti àìsàn tó ti wà nílẹ̀

Ọjọ́ orí ló ṣíwájú. Nínú òṣùwọ̀n 4C tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2020 láti fi mọ bí ewu ikú aláìsàn ṣe pọ̀ tó, ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún kò gba máàkì kankan, ẹni 60 sí 69 gba 4, ẹni tó ti pé 80 gba 7. Ọkùnrin gba 1 sí i. Àtọ̀gbẹ, àìsàn ọkàn, àrùn kídìnrín àti ìsanra jọ̀kọ̀tọ̀ náà wà lára àwọn àìsàn tí wọ́n ń kà: ẹni tó ní ọ̀kan gba 1, ẹni tó ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba 2. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò sí nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbà wa. Bí a bá fi àwọn àyẹ̀wò mìíràn kún un, máàkì 21 ni àpapọ̀. Nínú àwọn tó gba 15 sókè, ó ju ìdajì lọ tó kú. Àwọn aláìsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà ó yẹ kí a fi ìṣọ́ra lò ó níbí.

Ọ́síjìn

Àìtó ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ ni ohun tí ìtọ́jú lè tètè ràn lọ́wọ́. Ẹni tí ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já sí 80 nínú 100 lè jókòó kó máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí èémí má nira fún un. Láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹwàá àìsàn náà ni mímí sábà máa ń burú, àsìkò tí àwọn kan ṣì ń lo oògùn ibà àti àgbo nílé.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki ìka bọ̀ láti fi wọn ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ máa ń ka iye tó ga ju bó ṣe rí lọ fún aláwọ̀ dúdú nígbà mìíràn, nítorí náà 93 kì í ṣe iye tí a ń fi fọkàn balẹ̀. Làálì dúdú lórí èékánná tàbí ọwọ́ tó tutù lè ṣi ẹ̀rọ náà lọ́nà. Wọ́n á pààrọ̀ ìka, wọ́n á sì dúró kí iye náà fìdí múlẹ̀. Bí aláìsàn bá rin ogójì ìṣísẹ̀ tí iye náà sì já ní 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmì ewu ni.

Sílíńdà ńlá tó gba lítà 6,800 ń tán láàárín wákàtí 11 bí aláìsàn bá ń fa lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ 15, wákàtí méje àti ààbọ̀ ni. Ẹni tí wọ́n ń gbé láti Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán wá sí Ìlọrin nílò ìṣirò yìí kí ọkọ̀ tó gbéra, pẹ̀lú àkókò ìdúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwòsàn. Ẹ̀rọ tó ń fa ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ kò ní sílíńdà, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, ó dúró nìyẹn. Bí àpò tó so mọ́ ìbòmú ọ́síjìn bá ń ṣẹ́ pọ̀ nígbà tí aláìsàn ń fa èémí sínú, lítà náà kò tó.

Dexamethasone

Oògùn sítẹ́ródù ni èyí. Mílígíráàmù 6 lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá ó pẹ́ jù, ni wọ́n ń lò. Ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020, tí wọ́n ń pè ní RECOVERY, fi hàn pé ó dín ikú kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta fún àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí, àti ìdá kan nínú márùn-ún fún àwọn tó ń gba ọ́síjìn. Kò ṣe àǹfààní fún ẹni tí kò nílò ọ́síjìn, ó sì tilẹ̀ lè pa á lára. Ó ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, nítorí náà wọ́n ń yẹ ṣúgà ẹni tó bá ń lò ó wò lójoojúmọ́, pàápàá ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀.