Ohun kan tí Enigma kò lè ṣe

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn Enigma, ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ogun Jámánì fi ń sọ ọ̀rọ̀ wọn di kóòdù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n á ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ẹ̀rọ ńlá kan tó ń dán gbogbo ètò rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò tí wọ́n lè to Enigma sí lé ní 158,000,000,000,000,000,000. Ẹ̀rọ tó bá ń dán mílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kò ní kà á tán ní mílíọ̀nù márùn-ún ọdún.

Àléébù kan ló kó bá a. Bí èèyàn bá tẹ lẹ́tà kan, iná á gba inú kẹ̀kẹ́ mẹ́ta kọjá, á kan ohun tí wọ́n ń pè ní reflector, ìyẹn á dá a padà gba ọ̀nà mìíràn, gílóòbù lẹ́tà mìíràn á sì tàn. Ọgbọ́n gidi ni, torí ẹ̀rọ tó di ọ̀rọ̀ náà ló tún ń tú u. Ṣùgbọ́n iná kò lè gba ọ̀nà tó bá wọlé jáde. Lẹ́tà A lè di B, ó lè di Z. Kò lè di A láé.

Ẹ fi wé eégún tó lè gbé ojú ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé wọ̀ àfi ojú ara rẹ̀. Ojú Àkàndé lẹ rí? Àkàndé kọ́ ló wà nínú ẹ̀kú nìyẹn. Bó ṣe ń pààrọ̀ ojú tó, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tí à ń fura sí ń dín kù.

Àwọn ará Bletchley Park, ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń tú kóòdù, mọ̀ pé WETTER, ìyẹn ojú ọjọ́ lédè Jámánì, kò wọ́n nínú ohun tí àwọn ọmọ ogun náà ń fi ránṣẹ́. Ká ní kóòdù tó wọlé ni XEGTUPMRO. Ẹ to WETTER sábẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: E bọ́ sábẹ́ E, kò ṣeé ṣe. Ẹ sún un síwájú díẹ̀: T pàdé T. Ẹ tún sún un: R pàdé R. Àyè kẹrin nìkan ló ṣẹ́ kù, bébà àti pẹ́ńsù la sì fi rí i.

Ibẹ̀ ni Bombe, ẹ̀rọ atú-kóòdù tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Alan Turing àti Gordon Welchman, ti ń bẹ̀rẹ̀. (Marian Rejewski, ọmọ Poland, ti fi ìṣirò mọ bí wáyà inú Enigma ṣe rìn láti 1932, kò yẹ kí wọ́n máa fo orúkọ rẹ̀.) Lóòótọ́, Bombe ń yí gbogbo àyè kẹ̀kẹ́, 17,576, kọjá. Ṣùgbọ́n okùn tí wọ́n fi ń so lẹ́tà pọ̀ níwájú ẹ̀rọ ló sọ iye ètò di òkè, kò sì dán ìyẹn wò rárá. Bí àbá kan bá ní okùn so A mọ́ G, tó tún ní ó so A mọ́ M, àbá náà ti kú, òun àti gbogbo ètò tó rọ̀ mọ́ ọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti ta kora ni Bombe máa ń dúró, kí èèyàn wá yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní láti yára, torí tó bá ti di agogo méjìlá òru, àwọn ará Jámánì á tún ètò tò.